Ẹ má jókòó ti gbogbo rẹ̀

Ẹni tó béèrè bí èèyàn ṣe lè gbádùn kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún tó tún lè parí sí ọ̀mì: ẹ má jókòó ti gbogbo rẹ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pín sí, oúnjẹ ọ̀sán àti tíì ló là á. Ẹ mú apá kan, kí ẹ wo ẹgbẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ lékè níbẹ̀.

Bọ́ọ̀lù gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́. Bó bá ṣì ń dán, á máa yà bàrà lójú afẹ́fẹ́, ọkàn ẹni tó ń gbá a ò ní balẹ̀. Bó bá gbó, ó di ti àwọn tó ń fọwọ́ yí i, pàápàá lọ́jọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún tí ilẹ̀ ti ń sán. Lẹ́yìn ófà 80 (ìjù mẹ́fà ni ófà kan) wọ́n lè gba tuntun. Bó bá ti ń sún mọ́ 80, ẹ má lọ ibì kankan o.

Ní ti ìtàn, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ láti 1877 tí wọ́n kọ́kọ́ gbá irú eré yìí. Ẹ jẹ́ kí eré òní fa ti àná wá. Eré Íńgíláǹdì àti Ọsirélíà ní pápá Headingley ní 2019 ló ṣe èmi bẹ́ẹ̀. Ráànsì (àmì ayò) 67 péré ni Íńgíláǹdì kó jọ lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá ń lé 359 kí wọ́n lè borí. Nígbà tí Jack Leach, ẹni ìkẹyìn tó máa gbá a fún wọn, wọlé, ó ku 73. Rédíò ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ben Stokes, ẹnì kejì rẹ̀, ń gbá a káàkiri, Leach ń nu awò ojú rẹ̀ kó tó kojú bọ́ọ̀lù. Ìjù 17 ló kojú, ráànsì 1 ló rí. Ẹyọ kan yẹn dùn mọ́ mi ju ọgọ́rùn-ún ẹlòmíì lọ! Wọ́n borí.

Bí mo ṣe wá ìtàn pápá yẹn lọ nìyẹn, mo bá kan 1981: Ọsirélíà ní kí Íńgíláǹdì, tí ráànsì wọn kéré jìnnà, lọ tún gbá lójú ẹsẹ̀, Ian Botham gbá 149 láìjáde, Bob Willis lé èèyàn 8 jáde, Íńgíláǹdì fi ráànsì 18 jàjà borí.

Ẹ̀yin tí ọ̀mì ń bí nínú, ẹ wá eré Íńgíláǹdì àti Gúúsù Áfíríkà ní Durban ní 1939 kà. Wọ́n ní kò ní lópin ọjọ́ títí ẹnì kan á fi borí. Íńgíláǹdì ń lé 696, wọ́n ti dé 654, èèyàn márùn-ún péré ló ti jáde. Òjò dé. Ọkọ̀ òkun tó máa gbé wọn lọlé sì ń dúró ní Cape Town, ni wọ́n bá sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀mì náà ni!