Ara Mi Kì Í Làágùn Mọ́: Ṣé Ooru Aṣálẹ̀ Ti Mọ́ Mi Lára Nìyẹn?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Phoenix ní Arizona ni mò ń gbé, ìta ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ní báyìí, n kì í làágùn mọ́, ara mi máa ń gbẹ látàárọ̀ dalẹ́. Mo gbà pé ilẹ̀ olóoru tí wọ́n bí mi sí ló ràn mí lọ́wọ́. Síbẹ̀, ọkàn mi ń fà sí Flagstaff, ìlú orí òkè ní Arizona kan náà, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti tura. Tí mo bá lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ lóṣù Keje, ṣé ìtura yẹn á ràn mí lọ́wọ́ láti fara da ooru oṣù Kẹjọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Màá dé orí Flagstaff, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òógùn, torí òun ló lè gbẹ̀mí yín.

Ẹ ń làágùn. Ẹ ń làágùn gan-an ni. Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ gbẹ débi pé òógùn ń fò lọ bó ṣe ń yọ, kí ojú tó rí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn lè pàdánù lítà kan omi ní wákàtí kan, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀, kí aṣọ rẹ̀ má sì tutù. Ẹ ṣí fìlà yín wò nírọ̀lẹ́. Ẹ ó rí ìlà funfun kan tó yí etí rẹ̀ ká. Iyọ̀ ni. Omi tó gbé e jáde ti lọ tipẹ́.

Ara tí ooru ti mọ́ kì í dín òógùn kù. Ṣe ló máa ń tètè làágùn, tí òógùn náà á pọ̀ sí i, tí iyọ̀ inú rẹ̀ á sì dín kù. Bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ara fi ń kọ́ èyí, kò sì sí ìlú tí wọ́n lè bí èèyàn sí tó máa bá a tọ́jú rẹ̀ títí ayé. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ fún ara wọn pé ooru gbígbẹ kì í pani. Lọ́dún 2023, láti June 30 títí di July 30, ojoojúmọ́ ni Phoenix ń gbóná dé 110 Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bíi 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lóru ọjọ́ kan nínú July yẹn, kò rẹlẹ̀ ju 97 Fahrenheit lọ, ìyẹn nǹkan bíi 36 Celsius. Ènìyàn 645 ni Maricopa County, ìyẹn àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ tí Phoenix wà, kà pé ooru lọ́wọ́ nínú ikú wọn lọ́dún náà. Kì í ṣe àlejò ni gbogbo wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó kú sínú ilé ló ní ẹ̀rọ amúlétutù, àmọ́ kò ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ tiyín wò kí ìgbà ooru tó dé. Tí ó bá bàjẹ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fáànù nìkan. Nínú ooru tó ju ti ara lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ sí yín lára.

Kí òùngbẹ tó gbẹ yín ni kí ẹ ti máa mu omi, ife kan ní bí ogún ìṣẹ́jú síra nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má mu ju nǹkan bíi lítà 1.4 lọ ní wákàtí kan, torí omi àmujù lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù jù. Ẹ jẹun pẹ̀lú. Tí ẹ bá ní àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, tàbí tí ẹ ń lo oògùn amúnitọ̀, dókítà tó ń tọ́jú yín ni kó sọ ìwọ̀n tiyín, kì í ṣe èmi tí n kò tíì rí yín.

Tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ bá ń sọ̀sọkúsọ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó dákú, ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ má wo bóyá ó ń làágùn tàbí kò làágùn. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára láìdáwọ́ dúró títí wọn á fi dé. Ẹ má fi omi sí i lẹ́nu tí kò bá mọ ibi tó wà.

Ó wá ku Flagstaff. Ẹ lọ o! Ó lé ní 2,000 mítà sókè ju ìpele òkun lọ, nǹkan bíi 28 Celsius ni ooru ọ̀sán July sábà máa ń jẹ́ níbẹ̀, ẹ ó sì sùn. Oorun tó dára kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí òru gbígbóná ti ń fìyà jẹ. Àmọ́ ara kì í tọ́jú ìtutù pa mọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ohun tó kọ́, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ méjì, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ. Ìmọ̀ràn NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, ni pé kí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ àmọ́ tó kúrò nínú ooru ṣe ìdajì iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá padà, ìdá 60 nínú 100 lọ́jọ́ kejì, 80 lọ́jọ́ kẹta, kó tó ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin.

Ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò. Tí ó bá ní iṣẹ́ kíkún lòun fẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹ fọ́ ìsinmi náà sí òpin ọ̀sẹ̀ kéékèèké. Ọjọ́ méjì-méjì kò ní mú kí ara gbàgbé.