Èsì: Ìgbà wo ló yẹ kí a tún ọjà gbà?

Ẹ kú ọjà o. Ẹ ní mílíìkì máa ń tán kí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ tó dé, nígbà tí bísíkíìtì ń bàjẹ́ sí ẹ̀yìn yàrá ìkẹ́rùsí.

Ní ti mílíìkì, ẹ ṣírò iye tí ẹ ń tà lójúmọ́ ní ìlọ́po iye ọjọ́ tí ọjà fi ń dé, kí ẹ sì fi díẹ̀ kún un nítorí ìdádúró. Bí ẹ bá ń ta páálí 20 lójúmọ́, tí ọjà ń gba ọjọ́ 5, tí ẹ sì fi 40 kún un, nígbà tó bá ku páálí 140 ni kí ẹ ti sanwó ọjà tuntun.

Ọjà tó ń yá déédéé nìkan ni ìṣirò yìí bá mu. Kí ààwẹ̀ Ramadan tó wọlé, ẹ tún un ṣe.

Ní ti bísíkíìtì, ẹ dín in kù, kódà bí aṣojú ilé-iṣẹ́ bá ń fi ẹ̀dínwó fa ojú yín mọ́ra (èmi kì í ka ẹ̀dínwó orí ọjà tí kò tà sí èrè). Èyí tí ọjọ́ ìparí lílò rẹ̀ súnmọ́ jù ni kó kọ́kọ́ jáde, ì báà jẹ́ òun ló dé kẹ́yìn. Ẹ kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sára páálí, nítorí èyí tó bá wà lókè ni ọmọ tó ń gbé ẹrù máa ń mú.