Ṣé torí òjò ásíìdì ni àwọn àgbà kì í fi í gbe omi àkọ́rọ̀?

Ìbéèrè: Ìyá wa àgbà kì í jẹ́ ká gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tí òjò àkọ́kọ́ nínú ọdún bá ń rọ̀. Tíṣà ọmọ mi wá ní òjò ásíìdì, ìyẹn òjò tí èéfín ti sọ di kíkan, ni wọ́n ń sá fún. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Òrùlé ni ìyá àgbà ń wò, kì í ṣe ojú ọ̀run. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti alángbá pẹ̀lú ewé jíjẹrà ti jókòó sórí páànù. Bó bá jẹ́ koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bolé láyé àtijọ́, ìdọ̀tí rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọ́rọ̀ ló ń fọ gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀.

Síbẹ̀, tíṣà náà kò ṣàdédé sọ ọ́. Àkọ́rọ̀ ń fọ afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Iná tí àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ń dá sígbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń tú gáàsì sókè, òjò a sì gbé lára rẹ̀ bọ̀ wálẹ̀, omi náà a kan. Àmọ́ eruku tí ọyẹ́ ń kó bọ̀ láti aṣálẹ̀ ní ẹfun nínú, ẹfun yìí sì ń dín kíkan omi náà kù. A lè ní ọyẹ́ ń gbèjà wa, bó tilẹ̀ ń la wá lẹ́sẹ̀.

Òjò lásán náà máa ń kan díẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n pH tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, níbi tí 7 ti jẹ́ omi tí kò kan rárá, òjò tó mọ́ máa ń wà ní nǹkan bí 5.6. Bí nọ́ńbà náà bá fi ẹyọ kan wálẹ̀, kíkan ti di ìlọ́po 10. Imí-ọjọ́ inú èédú ilẹ̀ àti epo tí ilé iṣẹ́ mànàmáná ń sun ló ń fa èyí tó burú jù: èéfín rẹ̀ á pàdé omi inú ìkùukùu, á sì di ásíìdì tó wà nínú bátìrì mọ́tò gan-an. Èéfín ọkọ̀ náà ń dá tirẹ̀ kún un. Robert Angus Smith, ará Scotland tó yẹ òjò ìlú Manchester wò, ló sọ ọ́ ní òjò ásíìdì lọ́dún 1872.

Norway àti Sweden wà lára àwọn tó jẹ ìyà rẹ̀ jù ní Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú èéfín tó ń rọ̀ lé wọn lórí nígbà náà wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Wọ́n gbé ọ̀pá èéfín ga níbẹ̀ kí ará ìlú wọn lè mí dáadáa, atẹ́gùn sì gbé e sọdá òkun. Púpọ̀ nínú àpáta ilẹ̀ Norway kò ní ẹfun tí yóò rọ ásíìdì. Ásíìdì náà wá ń fa alumíníọ̀mù jáde láti inú ilẹ̀ sínú adágún, alumíníọ̀mù sì ń dí ibi tí ẹja fi ń mí. Ẹyin àti ọmọ ẹja ló kọ́kọ́ ń kú. Ohun tó ṣeni ní kàyéfì ni pé omi náà máa ń mọ́ gaara, àlejò á máa yìn ín, kò sì sẹ́ja níbẹ̀. Sweden ń da ẹfun sínú adágún rẹ̀ títí dòní. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Helsinki lọ́dún 1985 láti dín imí-ọjọ́ kù ní ìdá 30 nínú 100, Gẹ̀ẹ́sì kò fọwọ́ sí i.

Ní ti Ìlàjẹ àti Niger Delta, tí wọ́n ti ń sun gáàsì tó ń bá epo rọ̀bì jáde, wọ́n máa ń ní òjò ásíìdì ló ń jẹ páànù àwọn. Èmi ò ní dá gbogbo rẹ̀ lé e lórí. Imí-ọjọ́ inú epo rọ̀bì Nàìjíríà kéré, iyọ̀ atẹ́gùn òkun náà sì ń jẹ páànù. Èéfín dúdú tó ń bọ́ sínú omi mímu ni tèmi ń wò. Iná gáàsì ò sì mọ ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí òjò, nítorí náà, kí wọ́n jẹ́ kí àkọ́rọ̀ kọjá kò tó láti mú omi òrùlé wọn mọ́.