Nígbà Tí Oorun Bá Dá Lójú Ẹni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni oorun ti dá lójú mi. Sáàmù 127 sọ pé Olúwa a máa fi oorun fún olùfẹ́ Rẹ̀. Ṣé Ó ti kọ̀ mí sílẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ará fẹ́ra kù, arábìnrin wa. Ọlọ́run kò kọ̀ yín sílẹ̀ rárá. Ẹni tí ń fi àníyàn iṣẹ́ pa ara rẹ̀, tí ń jí ní kùtùkùtù tí ó sì ń pẹ́ kí ó tó sinmi, ni ẹsẹ náà ń bá wí. Kì í ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ràn. Jésù fúnra Rẹ̀, Àyànfẹ́ Ọmọ, wà lójúfò nínú ìbànújẹ́ ní Gẹtisémánì nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀ ń sùn.

Nínú Sáàmù 77, onísáàmù sọ fún Ọlọ́run pé Òun ni kò jẹ́ kí ipéǹpéjú òun padé, àti pé ìdààmú náà pọ̀ débi tí òun kò lè sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gidigidi, nítorí ó fi hàn pé a lè dákẹ́ níwájú Rẹ̀. Ẹ mú Sáàmù 121:4, tí ó sọ pé Olùṣọ́ Ísírẹ́lì kì í tòògbé, kí ẹ máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹ ti ń mí.

Bí àìsùn náà bá ti ń wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù 3, ẹ lọ rí dókítà. Ìyẹn kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹ sì bẹ ẹnìkan nínú ìjọ kí ó máa bá yín gbàdúrà ní ìrọ̀lẹ́, kí òru tó dé.