Bí ẹ ṣe lè yan kẹ̀kẹ́ tí yóò rọ̀ yín lọ́rùn níbi tí ṣọ́ọ̀bù kò ti pọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Kuje ní agbègbè Àbújá, ẹ fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ibi iṣẹ́, owó ọwọ́ yín kò pọ̀, ẹ̀yìn máa ń dùn yín, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló sì wà nítòsí. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ra tuntun tó ní sípírìngì níwájú àti lẹ́yìn, tàbí tòkunbọ̀ tí ẹ rí lọ́wọ́ Màlámù kan. Gwagwalada ni èmi ń gbé, ọdún sì ti gorí ọdún tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní agbègbè yìí, lórí ọ̀dà àti lórí yangí. Ohun tí ó kọ́ mi ni pé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò máa bá yín tún un ṣe ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á.

Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ fọkanáísà àti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kí ẹ wo táyà àti túúbù tí wọ́n so kọ́, kí ẹ sì ka nọ́ńbà ara wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí ni pé táyà méjì lè jọ máa jẹ́ ínǹṣì 26 kí wọ́n má sì wọ rímù kan náà. Èyí tí wọ́n kọ 26 x 1.95 sí lára ń jókòó sórí rímù mìlímítà 559, èyí tí wọ́n kọ 26 x 1 3/8 sí sì ń jókòó sórí ti mìlímítà 590. Kò sí bí a ṣe lè fi agbára mú ọ̀kan wọ rímù èkejì. Nítorí náà, ẹ wá nọ́ńbà alápá méjì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, bí àpẹẹrẹ 50-559: ti àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà, ti èkejì ni ìwọ̀n rímù. Èyí tí ẹ bá rí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn ni kí ó wà lára kẹ̀kẹ́ tí ẹ óò rà. Ẹ wo ẹnu túúbù pẹ̀lú. Tí ó bá nípọn bíi ti mọ́tò àti ọ̀kadà, ẹ̀rọ fọkanáísà yóò fẹ́ atẹ́gùn sí i. Tí ó bá tín-ín-rín, tó ní ìdérí kékeré tí a ń tú lórí kí atẹ́gùn tó wọlé, pọ́ǹpù tirẹ̀ tàbí irin kékeré tí a fi ń so ó mọ́ ẹnu ẹ̀rọ ni ẹ óò máa gbé kiri.

Ní ti sípírìngì, lójú tèmi, ẹ má ṣe rà á. Èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú wúwo, ó ń jẹ nínú agbára tí ẹ fi ń tẹ pẹ́dàlì nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, eruku ọyẹ́ sì ń wọ oríkèé rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi máa mì jìgìjìgì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní rí ẹ̀yà rẹ̀ rà nítòsí. Táyà tó fẹ̀, tí a kò fẹ́ atẹ́gùn kún jù, ń gbé ènìyàn kọjá lórí yangí dáadáa jù ú lọ.

Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ló jẹ mí lógún jù nínú ọ̀rọ̀ yín, nítorí kẹ̀kẹ́ tí kò bá ara mu lè sọ ìrora díẹ̀ di ńlá. Ẹ ya ẹsẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì irin òkè rẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ; ó yẹ kí àyè tó tó ìka mẹ́ta ṣẹ́ kù láàrin irin náà àti abẹ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, kí ẹnì kan di kẹ̀kẹ́ mú, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: orúnkún gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìbàdí fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ẹ bá wá ń fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orúnkún yóò ká díẹ̀, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Àwọn tó ń tà á máa ń rẹ ìjókòó sílẹ̀ kí oníbàárà lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ. Tí ẹ bá fa òpó ìjókòó sókè, ilà tí wọ́n fà sí i lára kò gbọ́dọ̀ hàn síta. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ga tó ìjókòó tàbí kí ó ga jù ú lọ díẹ̀, kí ó sì tẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín, kí ẹ má baà máa nà síwájú. Ẹ má sì jẹ́ kí tìmùtìmù rírọ̀ tàn yín: egungun ìdí méjèèjì ló yẹ kó gbé ara, tí ó bá sì rì sínú tìmùtìmù, ẹran àárín ni ìwúwo yóò bọ́ sí.

Kí ẹ tó san owó tòkunbọ̀ náà, ẹ mú mágnẹ́ẹ̀tì kékeré lọ, irú èyí tó máa ń wà nínú sípíkà àtijọ́. Tó bá lẹ̀ mọ́ férémù, irin ni, wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà sì lè jó o tó bá kán. Tí kò bá lẹ̀, alumíníọ̀mù ni, ó fúyẹ́, kì í dógùn-ún, ṣùgbọ́n jíjó rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo wẹ́dà. Ẹ fi ọwọ́ nu ìdọ̀tí kúrò níbi tí irin òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé ọrùn kẹ̀kẹ́, kí ẹ wo bóyá ó ti sán. Ẹ fi rúlà wọn ṣéènì: láti ìṣó kan (irin róbótó tó so ojú ṣéènì pọ̀) dé ìṣó kẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ínǹṣì 12 géérégé. Tí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì lé, ṣéènì náà ti gbó, ó sì ti lè jẹ eyín jíà ẹ̀yìn; ẹ yọ owó méjèèjì kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Bíréèkì oníwáyà ni kí ẹ yàn, kì í ṣe olóròóró.

Jíà mẹ́fà tàbí méje lẹ́yìn ti tó fún àwọn òkè agbègbè yín. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀, ìyẹn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tán, máa ń kó eruku jọ, nítorí náà òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ ni kí ẹ máa kán sí ṣéènì, kí ẹ sì nù ún gbẹ.

Tí táyà tòkunbọ̀ náà bá jẹ́ irú èyí tí fọkanáísà yín ń tà, tí férémù rẹ̀ kò sán, tí gíga rẹ̀ sì bá yín mu, òun ni kí ẹ mú, kí ẹ fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra túúbù méjì, pọ́ǹpù àti kọ́kọ́rọ́ tí ẹ óò máa fi tì í. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀, kí ẹ sì sọ bí mágnẹ́ẹ̀tì ṣe ṣe sí i. N óò dá yín lóhùn.