Ọjọ́ kan péré ní Ilé-Ifẹ̀: ibo ni ká yà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn àna mi ní Iléṣà, a sì fẹ́ fi ọjọ́ kan wo Ilé-Ifẹ̀. A kò gbé mọ́tò wá. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí ni ká sì fò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìsinmi o, ẹ bá mi kí ìyàwó. Ẹ tètè wọkọ̀, ẹ gba Ọ̀ṣú, kí ẹ dé Ifẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ọ̀pọ̀ àlejò tí mo ń mú káàkiri ló ń fẹ́ kọ́kọ́ sáré lọ ya fọ́tò nídìí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Èmi kì í gbà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ní Ẹnuwá ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, torí ibẹ̀ ni ojú yín yóò ti là sí ìyókù ìlú. Ẹ bèèrè ìtàn àwọn orí idẹ. Lọ́dún 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin níbẹ̀, tí wọ́n fi kàn wọ́n nínú ilẹ̀. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló bo ojú òmíràn láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ihò wẹ́wẹ́ sì yí ẹnu ká. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń dùn mí.

Ẹ bèèrè ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú. Ifẹ̀ jìnnà sí òkun, síbẹ̀ Olókun ní igbó níbí. Inú igbó náà ni àwọn baba wa ti ń yọ́ gíláàsì fúnra wọn, tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ó ti lé ní 500 ọdún.

Ìgbà yìí ni kí ẹ wá lọ sí Mọ̀pà, níbi tí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn wà. Òkúta akọ ni ọ̀pá náà, ó ga ju mítà 5 lọ, ìṣó irin ara rẹ̀ sì lé ní 100. Wọ́n kọ́kọ́ lu òkúta ní ihò ni kí wọ́n tó ki ìṣó bọ̀ ọ́. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan.

Ẹ jẹ iyán, kí ẹ yà wo ère Mọremí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016. Ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dára fún ìrọ̀lẹ́, bí ẹsẹ̀ kò bá tíì ro yín.

Òkè Ìtasẹ̀ ni kí ẹ fò. Tẹ́ńpìlì Ifá kì í ṣe ibi à ń sáré wọ̀ sáré jáde. Ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá sì gba amọ̀nà, ẹ dá iye owó kí ẹ tó gbéra.