Àpẹẹrẹ 40 kò tíì di ẹ̀rí

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo fi 0 títí dé 39 rọ́pò x nínú x² + x + 41. Gbogbo èsì rẹ̀ ló jẹ́ nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín dọ́gba àyàfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Olùkọ́ mi ní èyí kì í ṣe ẹ̀rí. Kí ló kù? Irú ẹ̀rí wo ni kí n lò, ìgbà wo sì ni?

Ìdáhùn: Ẹ fi 40 sí i. 1600 + 40 + 41 jẹ́ 1681, ìyẹn 41 lọ́nà 41. Ẹyọ kan yìí ti wó gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ní "gbogbo x" nínú, àpẹẹrẹ kò lè gbè é dúró, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Ní ti irú ẹ̀rí, ẹ wo ibi tí ẹ ti máa rí nǹkan dì mú. Bí wọ́n bá ní x ṣe é pín sí méjì dọ́gba, 2k (k jẹ́ odidi nọ́ńbà) ti wà lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹ máa bá a lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ní: bí x² bá pín sí méjì, x náà á pín. Ẹ ò rí x dì mú níbẹ̀, nítorí náà ẹ gba ẹ̀yìn wọlé. Bí x kò bá pín, 2k + 1 ni. x² á jẹ́ 4k² + 4k + 1, bí ẹ bá sì pín in sí méjì, 1 á ṣẹ́kù.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi hàn pé nǹkan kan "kò sí", bí ìdá tó jẹ́ √2, ìtakora ló yẹ: ẹ gbà pé ó wà, kí ẹ sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà á ta ko ara rẹ̀. Ká ní ìdá a/b kan jẹ́ √2, tí a ti dín in kù tán (kò sí nọ́ńbà tó ju 1 lọ tó lè pín a àti b méjèèjì). a² = 2b², nítorí náà a pín sí méjì. Ẹ pè é ní 2c: b² = 2c², b náà pín. Ìdá tí a ní a ti dín kù tán sì tún ṣe é dín! Ẹni tó bá gbàgbé láti sọ "tí a ti dín in kù tán" níbẹ̀rẹ̀ kò ní rí ìtakora kankan.

Induction ni máàkì ti ń sọnù jù. Ẹ máa fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ fún nọ́ńbà àkọ́kọ́ (ìbẹ̀rẹ̀), lẹ́yìn náà pé bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún k, á rí bẹ́ẹ̀ fún k + 1 (ìgbésẹ̀). Ìbẹ̀rẹ̀ rọrùn, wọ́n á fò ó. Ẹ wo irọ́ yìí: x = x + 1. Bí k bá jẹ́ k + 1, ẹ fi 1 kún apá méjèèjì, k + 1 á jẹ́ k + 2. Ìgbésẹ̀ yẹn kò ní àbùkù; ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, 1 = 2, ló tú u fó. Àṣìṣe kejì ni kíkọ "ká gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo x", ohun tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀rí hàn gan-an. Fún k kan péré ni ẹ gbà á. Bí 1 + 2 + … + k bá jẹ́ k(k + 1)/2, ẹ fi k + 1 kún un, ó di (k + 1)(k + 2)/2. Ẹ tọ́ka sí ìlà tí ẹ ti lo ohun tí ẹ gbà. Bí kò bá sí irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tààrà ti tó.